Kí Ló Ń Lọ́ Okùn Ìwọ̀? Bí A Ṣe Ń Wé Okùn sí Rííìlì Tí Kò Fi Ní Ta Kókó

Bàbá mi ti ń fi ìwọ̀ pẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kì í ṣe iṣẹ́ ajé wọn, fàájì wọn ni. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ara wọn ti yá báyìí, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì wọn kò lè di nǹkan tín-ín-rín mú dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní agbára láti jáde, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe fún àwọn ni pé kí n mú àwọn lọ sí Tarkwa Bay. Wọ́n ní, "Ìwọ ni wàá wé okùn sí rííìlì o. Ọwọ́ mi ò gbà á mọ́."

Mo ra okùn náílọ́ọ̀nù tuntun. Mo gbé ike rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí rííìlì, ojú mi sì wà lára bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti parí.

Nígbà tá a dé orí òkúta létí omi, Bàbá ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, okùn tú jáde wìì bí ìtẹ́ ẹyẹ, ó sì ta kókó mọ́ òrùka ọ̀pá. Mo jókòó ti kókó yẹn fún bíi wákàtí kan, ọ̀bẹ ni mo fi parí ẹ̀. Bàbá ń wo ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń fa ẹja kútà jáde. Wọn ò bá mi wí. "Kò burú" ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "kò burú" bàbá ẹni máa ń dunni ju ìbáwí lọ.

Nígbà tí mo délé, mo bi ara mi pé: ta ló lọ́ okùn yìí? Èmi ò ṣáà lọ́ ọ.

Ẹ mú tíṣù kan, èyí tí wọ́n ká róbótó. Ẹ fi ìka há ihò àárín rẹ̀, kí ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́ kó máa yí. Pẹlẹbẹ ló máa jáde. Ó yá, ẹ gbé e nàró sórí tábìlì, ẹ dì í mú kó má yí, kí ẹ wá fa tíṣù náà gba òkè jáde. Ẹ wò ó: ó ń lọ́! Ìká kọ̀ọ̀kan tó bá tú kúrò lára rẹ̀, lílọ́ kan ló ń wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ ò lọ́ ọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí okùn ìwọ̀ nìyẹn. Nínú rííìlì tí à ń sọ yìí, ike inú rẹ̀ kì í yí. Wáyà kan tó tẹ̀ bí ọrun ló ń yí i po, tó ń wé okùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní apá wáyà. Gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi lílọ́ kan sínú okùn. Bí ike ọjà bá tún wà nílẹ̀, tí okùn ń tú jáde láti ojú rẹ̀ bíi ti tíṣù wa, òun náà ń fi lílọ́ tirẹ̀ sí i. Tí ike bá dojú kọ ibi tí kò yẹ, lílọ́ méjèèjì á dà pọ̀. Tí ẹ bá yí i dé, wọ́n á máa tako ara wọn, ọ̀kan á sì máa pa èkejì rẹ́. Wọn kì í parẹ́ tán pátápátá, torí ike ọjà àti ti rííìlì kì í sábà tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ò tó nǹkan.

Kí ló wá dé tí okùn mi ò fi ta kókó nílé, tó fi dúró de ìgbà tá a dé etí omi? Ẹ mú okùn kan, ẹ di orí méjèèjì mú, ẹ lọ́ ọ dáadáa. Tí ẹ bá fà á le, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tí ẹ bá sún ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, á wé mọ́ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lílọ́ ò sọnù, ó kàn di wíwé ni. Ní 1971, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, F. Brock Fuller, kọ̀wé lórí ìṣirò wíwé yìí. Bí orí okùn méjèèjì ò bá ti yí, tá a bá ro lílọ́ pọ̀ mọ́ wíwé, iye kan náà la máa rí. Ìṣirò yìí wúlò fún àwọn tó ń ṣèwádìí DNA, èyí tó gùn tó nǹkan bíi mítà 2 nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lára wa. Òun náà máa ń lọ́, ara wa sì ní àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé e, tí wọ́n ń jẹ́ kó tú, tí wọ́n sì ń so ó padà. Okùn tèmi ò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Bàbá ṣe ju ìwọ̀ tí okùn sì dẹ̀, gbogbo lílọ́ tí mo kó sí i di wíwé.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní 1884, Peter Malloch ará Perth ní Scotland ṣe rííìlì kan tí wọ́n máa ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó ju ìwọ̀, kí okùn lè tú láti ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ká okùn, wọ́n á dá a padà. Ìjùsókè ń fi lílọ́ sí okùn, kíká ò sì yọ ọ́. Ní 1905, Alfred Illingworth, tí ìdílé rẹ̀ ń ṣòwò irun àgùntàn ní Bradford, gba ìwé àṣẹ lórí rííìlì tí ike rẹ̀ kì í yí rárá. Ohun tí jíjù bá fi sí i, kíká á yọ ọ́. Ìyá àgbà tó ń ran òwú fẹ́ kí òwú lọ́, torí ibẹ̀ lagbára òwú wà. Apẹja ò fẹ́ ẹ rárá.

Ó dáa, báwo la ṣe máa wé e?

Àkọ́kọ́, ẹ ki okùn bọ òrùka ọ̀pá, ó kéré tán èyí tó sún mọ́ rííìlì jù. Ẹ ṣí apá wáyà sókè kí ẹ tó so okùn mọ́ ike inú rííìlì. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa tún un so ni.

Ìkejì, ẹ tẹ́ ike ọjà sílẹ̀, kí ojú tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ kọjú sókè. Àwọn kan máa ń ki bírò bọ àárín rẹ̀ kó lè máa yí. Ike ọjà ò ní fi lílọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti apá wáyà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ fi aṣọ tútù di okùn mú láàárín ìka méjì, kó le díẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ lórí ike á tú jáde lódidi.

Ìkẹrin, ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ yí i bíi ìgbà 15, kí ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀. Tó bá ń wé mọ́ ara rẹ̀, ẹ yí ike ọjà dé. Tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ máa bá a lọ.

Ìkarùn-ún, ẹ dúró nígbà tó bá ku mìlímítà 2 tàbí 3 kó kún dé etí ike.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ra lójú omi. Tí ẹja bá ń fa okùn jáde, tí bíréèkì rííìlì ń yọ̀, ẹ má ṣe yí i. Bí jíà rẹ̀ bá jẹ́ 5:1, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀, okùn á lọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lásán. Okùn tí ẹ bá sì gé, ẹ kó o relé. Náílọ́ọ̀nù kì í tètè jẹrà, ẹyẹ àti ìjàpá òkun máa ń há sínú rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá la jọ wé òmíràn. Èmi ń yí, àwọn sì fi ọwọ́ ọ̀tún di aṣọ tútù mọ́ okùn. Nígbà tá a dúró yẹ̀ ẹ́ wò, okùn wé mọ́ ara rẹ̀. Mo yí ike dé, ó sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

A padà sí Tarkwa Bay. Wọ́n ju ìwọ̀ títí di ọ̀sán, okùn ò ta kókó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹja méjì péré la pa, wọn ò tóbi. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi tá à ń wọ̀ bọ̀, Bàbá ti ń béèrè ọjọ́ tá a tún máa lọ.