Agbè Ẹmu àti Idà Ògún: Àríyànjiyàn lórí Ìpakúpa Ìrè

1. Ìfáàrà

Kò sí jagunjagun kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ idà tó ti Ògún. Bẹ́ẹ̀ ni nínú gbogbo ogun tí wọ́n ní ó jà, èyí tí ẹnu kò tíì kúrò lára rẹ̀ ni ìjà Ìrè, níbi tí idà rẹ̀ ti bọ́ sí ọrùn àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ìrè yìí wà ní apá àríwá ilẹ̀ Èkìtì, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1996. Onírè ni orúkọ oyè ọba ìlú náà. Onírè kan náà ni wọ́n sì fi ń ki Ògún káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ìjà yìí ti di ohun tí àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn Ògún ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Ṣé Ògún mọ àwọn tí ó ń pa? Ta ni ó jẹ̀bi, ṣé ẹni tí ó fa idà yọ ni, tàbí àwọn tí ó dákẹ́ nígbà tí ó dé? Ṣé ilé rẹ̀ ni Ìrè ni, tàbí ibi tí ó yà sí? Apohùn ìjálá ní ìdáhùn tirẹ̀, ọmọ Ìrè ní tirẹ̀, òǹkọ̀wé òde òní náà sì ní tirẹ̀. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ohun kékeré kan wà nínú ìtàn náà tí ó ń darí gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ohun náà ni agbè ẹmu. Bí agbè náà bá ṣófo, ẹ̀bi bọ́ sí ibì kan. Bí ó bá kún, ẹ̀bi bọ́ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òpìtàn kan gbà gbọ́ nípa Ògún, kí ó kọ́kọ́ wo inú agbè rẹ̀.

2. Ìtàn náà bí ó ti wọ́pọ̀

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ni Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ilẹ̀ Benin àti ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Ìtàn náà wà nínú ìwé rẹ̀ Orixás tí ó jáde ní 1981. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níbẹ̀, Ògún, ọmọ Odùduwà, ṣẹ́gun Ìrè, ó pa ọba ibẹ̀, ó fi ọmọ tirẹ̀ jọba, òun náà sì gba orúkọ oyè Onírè. Lẹ́yìn èyí, ó tún gba ojú ogun lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó padà.

Ọjọ́ tí ó padà bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn ará ìlú ń ṣe ètùtù kan tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ebi ń pa Ògún, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó rí agbè ẹmu nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣófo. Kò sí ẹni tí ó kí i, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ó ka ìdákẹ́ wọn sí ìwọ̀sí. Ó fi idà fọ́ àwọn agbè náà, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ orí àwọn ènìyàn. Ìgbà tí ètùtù parí ni ọmọ rẹ̀ yọ sí i, tí ó gbé àwọn oúnjẹ tí Ògún fẹ́ràn wá fún un, ajá, ìgbín àti ẹ̀wà olóróro, pẹ̀lú ẹmu tí ó pọ̀. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun tí ó ṣe. Ó ní òun ti gbé ayé tó, ó dojú idà rẹ̀ kọlẹ̀, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Kí ó tó lọ, ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa fi pè é bí ogun bá dé. Ó sì kìlọ̀ pé bí wọ́n bá pe òun láìsí ọ̀tá níwájú, orí ẹni tí ó pe òun ni ìjà náà yóò dà sí.

3. Agbè tí ó ṣófo

Nínú ìtàn yìí, kò sí ọtí lára Ògún nígbà tí ó ń pa ènìyàn. Ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Èyí ni ó mú kí àwọn tí ó ń gbèjà rẹ̀ àti àwọn tí ó ń dá a lẹ́bi fi ìtàn kan náà jà.

Àwọn tí ó ń gbèjà rẹ̀ a máa ránni létí ipò tí ìkíni wà láàrin Yorùbá. Ẹni tí ó ti oko dé ni à ń kí, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tí ó ti ojú ogun dé. Bí ènìyàn bá wọ àwùjọ tí kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, ohun tí àwùjọ náà sọ fún un ni pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Agbè òfìfo wá dà bí ẹ̀rí kejì: wọ́n mu tiwọn, wọn kò rántí ẹni tí ó ń jà fún wọn. Lójú àwọn wọ̀nyí, ìbínú Ògún ní ìdí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọjá ààlà.

Àwọn tí ó ń dá a lẹ́bi náà ní ohun tí wọ́n dì mú. Òfin ni àwọn ará ìlú ń pa mọ́. Bí wọ́n bá fọhùn, wọ́n ti ba ètùtù jẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, wọ́n kú. Ẹni tí ó gba oyè ìlú kan, ó yẹ kí ó mọ èèwọ̀ ìlú náà. Bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìtẹ́, ì bá kọ́kọ́ wá a lọ. Òwe àwọn àgbà pé ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bá ibí yìí mu, nítorí pé ilẹ̀ gan-an ni Ògún bá ọ̀ràn náà lọ.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì yẹ̀ wò, kókó kan náà ni wọ́n dúró lé. Àmì méjì ni Ògún rí, ìdákẹ́ àti agbè òfìfo, ó sì ka méjèèjì sí ohun tí wọn kì í ṣe. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe ìdájọ́. Ó ṣe ìdájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́, nítorí pé àwọn tí ì bá rojọ́ wà lábẹ́ èèwọ̀.

4. Agbè tí ó kún

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gba ìtàn yìí mú, ó yí agbè náà padà. Ó lo ìtàn Ògún ní Ìrè nínú ewì rẹ̀ gígùn tí ó fún ìwé Idanre and Other Poems (1967) ní orúkọ, ó sì tún ṣàlàyé rẹ̀ nínú àròkọ rẹ̀, The Fourth Stage, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1969, tí ó sì tún wà nínú Myth, Literature and the African World (1976). Nínú ìtàn tirẹ̀, Ògún kò gba ìlú Ìrè tipátipá. Àwọn àgbààgbà ìlú ni ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá jọba lé wọn lórí. Ó kó wọn lọ sójú ogun. Èṣù gbé agbè ẹmu kan kalẹ̀ fún un nígbà tí ogun rọlẹ̀ díẹ̀, Ògún sì mu ún gbẹ. Nígbà tí ìjà tún bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mọ́. Ìgbà tí ọtí dá lójú rẹ̀ ni ó tó rí òkú àwọn ènìyàn rẹ̀ nílẹ̀.

Àyípadà yìí kò kéré. Èèwọ̀ ti kúrò nínú ìtàn, ìdákẹ́ ti kúrò, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi kan àwọn ará Ìrè ju pé wọ́n bẹ jagunjagun kan pé kí ó wá ṣe olórí àwọn. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn ìlú, ó ti bọ́ sọ́rùn olórí. Ṣóyínká tún fi Ògún wé Ọbàtálá, ẹni tí ẹmu mú kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì nígbà tí ó ń mọ ènìyàn. Ọbàtálá fi ẹmu ṣe èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe rẹ̀; Ògún kò ka ẹmu léèwọ̀ fún àwọn tirẹ̀. Ìtumọ̀ tí Ṣóyínká fún èyí ni pé Ògún fẹ́ kí ènìyàn wà nítòsí ewu, kí ó sì kọ́ bí a ti ń kó ara ẹni níjàánu.

Àwọn kan lè ní òǹkọ̀wé náà ti ba ìtàn àwọn baba jẹ́. Àtakò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí ó ti ń dún, nítorí pé lítíréṣọ̀ alohùn fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ohun tí ó yẹ kí a bi í ni ohun tí àyípadà náà gbà lọ́wọ́ ìtàn àti ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó gbà lọ ni ìbéèrè nípa ìdájọ́. Ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni ìbéèrè nípa agbára tí kò ní ìjánu. Ẹni tí ó bá sì rántí ìtàn ilẹ̀ yìí ní 1966 àti 1967, nígbà tí ìbọn àwọn ọmọ ogun kọjú sí àwọn ará ilé, yóò mọ̀ pé ìbéèrè kejì yìí wúlò fún ìgbà náà.

5. Agbè ojú ọ̀nà

Ẹmu kẹta wà nínú ìjálá. Àwọn apohùn ìjálá, ọdẹ tí ó ń fi ohùn bọ Ògún, a máa kì í pé Ìrè kì í ṣe ilé rẹ̀, pé ẹmu ni ó yà mu níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà yìí, agbè náà kò ní ìjà nínú. Ohun ìṣàlejò ni, Ògún sì jẹ́ èrò ọ̀nà. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá (1966) fi hàn bí oríkì Ògún ti gbilẹ̀ tó nínú irú ewì yìí, àti bí àwọn apohùn ti máa ń pín Ògún sí méje, tí Ògún Onírè sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láàrin wọn.

Ó rọrùn láti mọ ìdí tí apohùn fi fẹ́ràn ẹ̀dà yìí. Ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére àti awakọ̀ wà ní gbogbo ìlú. Bí Ìrè bá jẹ́ ilé Ògún, àlejò ni Ògún níbòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà, gbogbo ibi tí irin wà ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà tún ṣe iṣẹ́ mìíràn tí kò hàn kedere. Bí Ìrè kì í bá ṣe ilé rẹ̀, àwọn tí ó pa níbẹ̀ kì í ṣe ará ilé rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì fúyẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń ta létí ọmọ Ìrè. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wọn ju ògo lọ: ó ń gba òkú wọn lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Èsì tí ó bá ìtàn Ìrè mu ni pé ènìyàn lè ya ibi púpọ̀ mu ẹmu, ṣùgbọ́n ibì kan ni ó ń wọ ilẹ̀ sí.

6. Ìpè èké

Ibi tí àríyànjiyàn yìí ti kan ìgbésí ayé àwọn alààyè ni ọ̀rọ̀ ìbúra. Ní ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra bí onígbàgbọ́ ti ń fi Bíbélì búra, tí mùsùlùmí sì ń fi Kùránì búra. Irin yẹn dúró fún Ògún. Ìbéèrè tí ó le wá yọjú: báwo ni ẹni tí ó ṣi ìdájọ́ ṣe ní Ìrè ṣe di ẹlẹ́rìí òtítọ́ fún gbogbo ènìyàn?

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó sọ kí ó tó wọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe pe òun lórí irọ́. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀ nípa Ọ̀ràńmíyàn, tí òun náà ṣèlérí pé òun yóò jáde wá gbèjà ìlú bí wọ́n bá pe òun. Wọ́n pè é nígbà tí kò sí ogun, ó jáde, ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀, kò sì tún padà wá mọ́. Nínú ìtàn méjèèjì, idà kò lè dá ìpè òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìpè èké. Ẹni tí ó ń pè é ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹrù ìdájọ́ tí Ògún kò lè gbé ní Ìrè ni ó gbé lé ènìyàn lọ́rùn. Ìbúra pẹ̀lú irin kò yàtọ̀ sí èyí: ẹni tí ó búra èké ti pe Ògún láìsí ọ̀tá, ara rẹ̀ ni idà yóò sì bá.

Nítorí náà, àṣìṣe Ìrè kò ba ipò Ògún jẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ òtítọ́. Òun ni ó tilẹ̀ gbé ipò náà kalẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí idà ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí ó sọ òtítọ́ ní ìdí láti bèèrè òtítọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan irin.

7. Àgbálọgbábọ̀

Agbè òfìfo ń bi wá bí a ti ń ṣe ìdájọ́ nígbà tí ẹlẹ́jọ́ kò lè fọhùn. Agbè kíkún ń bi wá ohun tí a óò ṣe sí olórí tí agbára ń pa bí ọtí. Agbè ojú ọ̀nà ń bi wá ẹni tí ó ni akọni àti ẹni tí ó ni òkú tí akọni náà pa. Kò sí èyí tí ó lè pa èkejì rẹ́, nítorí pé ìbéèrè wọn kò dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fara mọ́: ìjà náà bọ́ sórí àwọn tí kò jẹ gbèsè ìjà. Òpìtàn tí ó bá sọ ìtàn Ìrè tí ó fi ògo idà nìkan parí rẹ̀, tí kò dárúkọ àwọn tí ó dákẹ́ nítorí èèwọ̀, ti dà bí Ògún ní ọjọ́ náà. Ó rí agbè, kò bèèrè ohun tí ó mú kí ó ṣófo.