Àfọ́kù Ike Kì í Ṣe Ohun Sísun

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni mo mú wá lóṣù yìí: ọ̀rọ̀ àfọ́kù ike.

A dúpẹ́ pé ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó kò wọ́n láàrin wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá lọ tán, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé: ìgò omi, ọ̀rá omi, àwo funfun tí a fi bu ìrẹsì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó là. Ọ̀pọ̀ nínú wa a kó o jọ, a sì ṣáná sí i. Ọmọ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ wà lára àwọn tí yóò fa èéfín dúdú náà símú. Èyí tí a kò bá sun, gọ́tà ni ó ń lọ. Bí òjò ńlá bá dé, omi tí kò rí ọ̀nà gbà á wọlé tọ̀ wá wá.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ike kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀. Ní 1988 ni àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà gbé ètò yìí kalẹ̀. 1 ni ìgò omi àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. 2 ni ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì. 4 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá. 5 ni ọ̀pọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga. 6 ni àwo funfun fífúyẹ́ àti fóòmù líle tí a fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí. Oríṣi kan kì í sábà lẹ̀ mọ́ òmíràn.

Àwọn tí ń tún bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe mọ èyí láìka nọ́ńbà kankan. Wọn a ki irin bọ iná títí yóò fi gbóná, wọn a gé pẹ́ńpẹ́ lára àfọ́kù tí ó jẹ́ irú kan náà, wọn a sì yọ́ ọ sí ojú ibi tí ó là. Bí a ti ń rán igbá tí ó là láyé àtijọ́ náà ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtọmọdé àtàgbà ni ó ń to ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú irin kékeré, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Airfix ń ṣe. Ara férémù ike ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ máa ń so mọ́. Bí a bá gé wọn kúrò tán, férémù á ṣẹ́ kù. Irú ike nọ́ńbà 6 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í dà á nù: wọn a gé e wẹ́wẹ́ sínú gọ́ọ̀mù, yóò yọ́, wọn a sì fi dí ojú ibi tí kò pàdé. Àwọn mìíràn a mú un súnmọ́ iná àbẹ́là, wọn a fà á títí yóò fi tín-ín-rín bí òwú, kí wọ́n fi ṣe wáyà rédíò ọkọ̀ náà.

Àwọn ènìyàn tiwa náà gbọ́n irú ọgbọ́n yìí: wọn a ju fóòmù funfun sínú epo bẹntiróòlù, yóò di gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ihò ara páànù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ súnmọ́ ààrò, àtùpà tàbí ọwọ́ ọmọdé. Ìta gbangba ni kí àgbà ti ṣe é.

Àwọn Hausa tí ó gbà wá lálejò ní ọ̀rọ̀ kan: bola jari. Bola ni ìdọ̀tí, jari sì ni owó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Àwọn tí ń ra àlòkù kiri kì í fi owó gidi ra ike tí a dà pọ̀ mọ́ eérú àti oúnjẹ. Èyí tí a ṣà lọ́tọ̀ tí a sì fọ̀ ni ó ń pa owó.

Ẹ rántí Sabon Yelwa pẹ̀lú, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní 2011, ẹgbẹ́ tí à ń pè ní DARE bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgò ike kọ́ ilé níbẹ̀. Wọ́n rọ iyanrìn kún inú ìgò, wọ́n dé e, wọ́n tò ó ní ìdùbúlẹ̀ bí bíríkì, wọ́n sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì dì í pọ̀. Ọmọ Jámánì kan, Andreas Froese, ni ó ti fi irú iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní Honduras. Ohun tí àwa ń sun ni àwọn kan fi ṣe ògiri.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí a gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí ayẹyẹ bá wà, kí onínàwó gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan fún ìgò, ọ̀kan fún kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ọ̀rá. Kí àwọn ọ̀dọ́ fọ̀ wọ́n, kí wọ́n tà wọ́n, kí owó náà sì wọ àpò ẹgbẹ́ fún ìwé àwọn ọmọ wa. Kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gba ásíìdì tàbí oògùn kòkòrò rí, ẹ má ṣe bu omi mímu sí i láéláé.

Owó rẹ̀ lè má tó nǹkan lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo kí àwọn tí ó bímọ àti àwọn tí ó gbéyàwó lóṣù yìí. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí a máa fi ayọ̀ pàdé, kí ìdílé wa lálàáfíà. Àmín.