Òṣùwọ̀n Òfin Ìbọn ní Ìpínlẹ̀ Illinois

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ṣe òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ni olórí gbogbo òfin. Èyí tí ó bá ta ko olórí yìí, bí ó ti wù kí ète rẹ̀ dára tó, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ kan bá dábàá láti ka ìbọn ìkọlù léèwọ̀, kò tó kí ó fi hàn pé ìbọn náà léwu. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní àṣẹ láti kà á léèwọ̀.

Ìbọn ìkọlù tí à ń wí yìí kì í ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta ti àwọn ológun gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta kan ṣoṣo ni ó ń jáde nígbàkigbà tí a bá yìn ín. Níbí ni ìṣòro aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dárúkọ àwọn ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣèbọn yóò yí orúkọ padà. Bí ó bá fi ẹ̀yà ara ìbọn ṣe àpèjúwe, aṣèbọn yóò yọ ẹ̀yà náà kúrò.

Àtúnṣe Kejì sí Òfin Ìpìlẹ̀, tí ó ti wà láti 1791, ni ó fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Heller, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú nìkan. Ṣùgbọ́n pé ohun ìjà tí ó wọ́pọ̀ fún lílò tí ó bófin mu ni ó dáàbò bò. Ní 2010, ilé ẹjọ́ náà ní dandan ni kí àwọn ìpínlẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ yìí. Ní 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, ó ní kí ìjọba tí ó bá fẹ́ pààlà sí i fi hàn pé òfin rẹ̀ bá ìtàn òfin ìbọn orílẹ̀-èdè náà mu. Ní 2024, ó ṣàlàyé pé kò di dandan kí òfin tuntun rí bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, bí ìlànà wọn bá ṣá ti bára mu.

Ìlú Highland Park, lẹ́bàá Chicago, ti ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 2013, ilé ẹjọ́ sì ti òfin náà lẹ́yìn ní 2015. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2022, níbi ìwọ́de àjọ̀dún òmìnira ní ìlú yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn 7. Ó ti rà á nínú ìpínlẹ̀ náà lọ́nà tí òfin fàyè gbà. Agbára òfin ìlú kò kọjá ààlà ìlú. Ní oṣù Kìíní 2023, Illinois ṣe òfin tí ó kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Ó ka títà àti rírà wọn léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún ẹni tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yọ àwọn ọlọ́pàá sílẹ̀. Àwọn kan pe ìyọsílẹ̀ yìí ní ojúsàájú, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà kọ̀ fún wọn ní oṣù Kẹjọ 2023. Adájọ́ 4 fara mọ́ ìdájọ́ náà, 3 kò fara mọ́ ọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tí ó ta ko òfin yìí sọ pé ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ irú ìbọn yìí ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí kò ṣẹ̀ sófin, nítorí náà ó ti wọ́pọ̀, kò sì ṣeé kà léèwọ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ fèsì pé, bí iye bá ni òṣùwọ̀n, a jẹ́ pé ọjà ni yóò máa túmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀: ohun tí a bá tètè tà púpọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ òfin. Wọ́n tọ́ka sí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1934 lórí ìbọn arọ̀jò-ọta gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ láti inú ìtàn. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ láti dá òfin Illinois dúró. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà sún mọ́ ti ológun ju ti ará ìlú lọ. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, adájọ́ kan ní ilé ẹjọ́ tí ó kéré sí i wọ́gi lé òfin kan náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí òfin ṣì máa ṣiṣẹ́ títí a ó fi tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Nígbà tí ẹjọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti Maryland dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó kọ̀ láti gbọ́ ọ ní oṣù Kẹfà 2025. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Kavanaugh kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí ilé ẹjọ́ náà yanjú ọ̀ràn yìí láìpẹ́. Nítorí náà, aṣòfin tí ó bá ń gbèrò irú òfin yìí ní láti sọ gan-an ohun tí ó kà léèwọ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì wá ìtàn tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin tí a fi omijé kọ, tí adájọ́ sì wá fà ya, kò lè gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là.