Pákó tí iná kò tètè mú: ẹ jẹ́ ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Jos àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ pákó ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù onípákó la ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú yìí á rántí bí ọjà ńlá Terminus ṣe jóná lọ́dún 2002. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọjà yẹn, síbẹ̀ iná jó o. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n kan pákó mọ́ pákó, tí wọ́n sì fi páànù bò ó. Bí iná bá lè ṣe kọnkéré báyẹn, kí la fẹ́ sọ nípa pákó?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun tí a fi ń kùn ún. Nítorí ikán, a ó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ó gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, a ó fi kun pákó látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni pé ikán kì í fẹ́ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n epo ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí wáyà bá ṣẹ́ná lóru, àwa fúnra wa la ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ de iná.

Ẹ wo bí igi ṣe ń jó. Bí ooru bá ti ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 300 Celsius, igi á máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbiná tí a fi ń rí i tó ń jó lala. Èyí tó kù á di èédú, èédú yìí ló sì ń dí ooru lọ́nà kó má tètè dé inú. Ìdí nìyẹn tí ìtì igi ńlá fi lè wà nínú ààrò mọ́jú, tí pákó pẹlẹbẹ á sì ti di eérú kí ẹ tó ké sí aládùúgbò. Nínú iná gidi, òpó tó nípọn kì í sábà jó wọnú ju mìlímítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí oògùn iná ń ṣe lára igi ni pé kó tètè di èédú, kí afẹ́fẹ́ tó ń jó má sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1821, Gay-Lussac, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi bọ́rásì àti iyọ̀ amóníà ṣe aṣọ ilé eré kí iná má tètè mú un. Bọ́rásì kan náà, tí a bá pò ó mọ́ bọ́ríìkì ásíìdì nínú omi gbígbóná, ni wọ́n ń rẹ igi sí títí dòní. Ó ń pa ikán pẹ̀lú, ohun tí a torí ẹ̀ ń wá ọ́ìlì kiri nìyẹn.

Pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló ń gbà á jù. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ tò ó jọ, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oògùn náà lè rìn wọnú. Kíkùn lásán kì í wọlé jìnnà. Òjò sì máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, torí náà inú ilé àti abẹ́ páànù ló wà fún. Pákó náà ṣì lè jó o, ṣùgbọ́n ẹ ó ní àyè láti sá jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ka ìròyìn lórí fóònù ti ń bi mí nípa oríṣi mìíràn, ìyẹn ike tó ń gbé iná mànàmáná. Ní Japan, níbi tí Hideki Shirakawa ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan ṣèèṣì fi èròjà kan sí i ní ìlọ́po 1,000, ohun tó jáde sì ń dán bíi fàdákà. Lọ́dún 1977, òun pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger ní Amẹ́ríkà fi áyódìn kún un, ike bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná. Wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2000. Irú ike bẹ́ẹ̀ kan, polypyrrole, ṣeé mú hù sínú igi: wọn á rẹ igi sínú omi èròjà rẹ̀, igi á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kì í jẹ́ kí iná tètè ràn, ó sì ń dá ìgbì rédíò àti ti fóònù dúró. Ó lè wúlò fún yàrá ẹ̀rọ ìwòsàn bíi MRI, tó jẹ́ pé bàbà ni wọ́n sábà fi ń bo ògiri rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ṣọ́ọ̀bù tiwa? Èmi ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ kí POS òun máa wá nẹ́tíwọọ̀kì kiri nígbà tí oníbàárà dúró? Pákó tó ń gbé iná, pẹ̀lú irú wáyà ìhòòhò tí a ń fà kiri nínú ọjà wa yìí, ewu mìíràn ni.

Ẹ bá àwọn tó ń la pákó ní Kàtákó sọ̀rọ̀ kí igi tó gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń po oògùn náà, ẹ má lo ike omi mímu, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Bọ́rásì gidi ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti pò mọ́ ọṣẹ.