Láti Ọjà Ọba dé Etí Odò Ọ̀ṣun



Ẹni tó bá fẹ́ mọ Òṣogbo, kó má kọ́kọ́ sáré lọ sínú igbó Ọ̀ṣun. Ọjà Ọba ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ààfin Àtáọ́ja wà, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú kò jìnnà sí i, àwọn ìyá ọlọ́jà sì wà láàárín. Ilé Ọ̀ṣun wà nínú ààfin. Ìrun ń lọ lọ́wọ́, ìwúre ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó dí ẹnìkejì lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn àdúgbò yìí fún ìyẹn nìkan.

Àwọn àgbà sọ pé etí odò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Láróòyè àti Tìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni májẹ̀mú ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n gòkè wá síbi tí ìlú wà lónìí. Orúkọ oyè ọba wọn kò gbàgbé odò: ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni Àtáọ́ja.

Ẹ wá jẹ́ ká gba òpópónà Ìbòkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn Àgùdà mú wá láti Bràsíìlì. Ilé Àdùnní Olórìṣà nìyẹn, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria. Wọ́n bí i ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì papòdà ní 2009. Láàárín ìlú ló ń gbé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó gbà tọ́; kò bá òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí GRA. Àwọn tó bá a tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ògiri àti àwọn ère. Iṣẹ́ wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí UNESCO fi igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ní òpópónà Stéṣọ̀n, Dúró Ládipọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé eré ní 1962. Mbari tí wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ tán, wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀. Ta ló tún tó wọn?

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Òṣú ni mo ń gbé, lágbègbè Àtàkúnmọ́sà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára góòlù ń wọ àwọn odò kéékèèké wa, ó sì ń bá wọn wọ Ọ̀ṣun. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá sọ́dún má mu omi odò náà. Ẹ rò ó wò: obìnrin tó ń wá ọmọ gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní kó má mu omi tó tìtorí rẹ̀ wá.

Odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá sọ pé òrìṣà mẹ́tàdínlógún ló wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù kò kà á sí, gbogbo iṣẹ́ wọn sì dàrú, títí wọ́n fi padà lọ bẹ̀ ẹ́. Àwa tá a wà lókè odò ni Odù yẹn ń bá wí.

Ní oṣù Kẹjọ, Arugbá yóò gbé igbá kúrò ní ààfin, yóò gba àárín ìlú kọjá dé etí odò. Ẹ̀yin babaláwo àti ọlọ́rìṣà Òṣú, Iléṣà àti Ìbòkun, ẹ jẹ́ ká tọ àwọn ọba wa lọ lórí àwọn awagóòlù yìí kó tó di ọjọ́ ìwọ́pópó.