Bí Kẹ̀kẹ́ Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹwìrì

Nígbà tí ogun Hitler parí lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1920. Ikú baba rẹ̀ ló dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, tó fi lọ kọ́ṣẹ́ irin, láti ọdún 1942 ló sì ti ń rọ irin fún àwọn ológun yìí. Ó wù ú kó dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n ó wówó títí, kò rí i. Ó wá gba iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ìjókòó lásán tó ń jókòó níbẹ̀ ló mú un gbé gègé. Amos Tutuola ni. Àwọn tó mọ̀ nípa ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde lọ́dún 1952, pọ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó mọ̀ pé àìrówó dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ wà nínú ohun tó bí i kò tó nǹkan.

Púpọ̀ nínú ohun tí ẹni tó bá fẹ́ dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ ń wówó fún nígbà náà, ojú títì ni wọ́n ń jù ú sí báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978 ni tírélà ti ń já, tí bọ́ọ̀sì ń kú sójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń rọ́ lu ara wọn láàárín Ibafo àti Mowe. Ríìmù tó ti tẹ̀, sùpíríǹgì tó ti ṣẹ́, ẹ́síìlì, dírọ́ọ̀mù bíréèkì, gbogbo rẹ̀ ni àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù ń kó sórí ọmọlanke, iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ni púpọ̀ nínú wọn sì ń forí lé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìfọ̀ àti ní Owódé Ẹ̀gbá. (Ti Ẹ̀gbá ni mo ń wí o, kì í ṣe Owódé Onírin ti Èkó, níbi tí irin àlòkù ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di olówó.) Ẹni tó bá fẹ́ àgbẹ̀dẹ kékeré sẹ́yìnkùlé, kó ti tètè dé ọ̀dọ̀ onírin kí ọkọ̀ tó kó ẹrù lọ, ó ti rí ìdajì ohun tó ń wá.

Síbẹ̀, irin tó pọ̀ nílẹ̀ nìkan kọ́ ló sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí mẹ̀kúnnù lè dáwọ́ lé. Afẹ́fẹ́ ni kókó. Ibi ìdáná kò wọ́n rí: ilẹ̀ lásán ni àwọn baba wa ń dáná sí, nínú kòtò kékeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri kúkúrú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n iná èédú téèyàn kàn fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́, iṣu ló lè sun, kò lè sọ irin di rírọ̀. Kí irin tó gbà kí wọ́n tẹ òun, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 900 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láìdáwọ́ dúró ló sì lè gbé èédú débẹ̀.

Ẹwìrì ló ń ṣe é látijọ́. Ara igi kan náà ni agbẹ́gilére ti máa gbẹ́ ọpọ́n méjì tó jìn, tí ihò wọn yóò já sí ìdí iná. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní fà á le, wọ́n á wá so ọ̀pá gígùn mọ́ ọn láàárín. Ọmọ iṣẹ́ á di ọ̀pá méjèèjì mú. Bó ti ń tẹ tọ̀tún wálẹ̀ ni yóò máa fa tòsì sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà já. Ẹnu ẹwìrì kò sì ní wọnú iná tààrà. Ọ̀pá amọ̀ kan ló máa ń wà láàárín, wọ́n á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹwìrì má lọ fa iná mu nígbà tó bá ń mí sínú. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń náni: owó agbẹ́gilére, awọ tó ń gbó tí eku sì ń jẹ, àti ọmọ iṣẹ́ kan tí kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí kò lọ́mọ iṣẹ́ kò lè dá nìkan ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wáyé níbẹ̀ kò yí padà láti ìran dé ìran. Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ó ti pọ́n o." Ọ̀gá á dáhùn, "Ṣé mo ní kí o máa ka pípọ́n fún mi ni? Fẹ́ ẹ!"

Irin gan-an náà kò rọrùn láti rí nígbà kan. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, Bernard Fagg wú ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin jáde nílẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, ọjọ́ orí wọn sì lé ní ẹgbàá ọdún. Nílẹ̀ Yorùbá, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, kọ ìròyìn jáde lọ́dún 1904 nípa abúlé Ola Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ṣì ti ń yọ irin látinú òkúta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni iná ìléru kú. Samuel Johnson ti rí i tẹ́lẹ̀; nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, ó sọ pé títí kan abẹ́rẹ́, àwa la ń rọ ọ́ fúnra wa, kí ọjà òyìnbó olówó pọ́ọ́kú, tí kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, tó wá gba ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òyìnbó tó pa iná ìléru náà ló kó irin wá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Ìfọ̀ di oríta rélùwéè nígbà tí wọ́n ya ẹ̀ka kan lọ sí Ìlarò àti Idogo. Bí mọ́tò sì ti ń pọ̀, alágbẹ̀dẹ kò tún nílò ẹni tó ń yọ́ òkúta. Sùpíríǹgì lọ́rì kan ṣoṣo tó ṣẹ́, ó dára ju irin tí ìléru ń bí lọ fún ohun tó bá gbọ́dọ̀ mú.

Afẹ́fẹ́ ló wá kù. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà bíi Buffalo Forge àti Champion ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ìfẹ́ná tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, jíà wà nínú rẹ̀, ó sì wúwo. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mú ìlànà rẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ sílẹ̀: kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ṣe tiwọn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ti bọ́ táyà rẹ̀ ni wọ́n gbé dúró lórí igi méjì, wọ́n sì fi ọwọ́ ìyíkẹ̀kẹ́ sí i. Tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù ló yí ojú ríìmù náà ká, tó tún yí róbótó kékeré kan ká lápá kejì. Róbótó yìí ló ń yí abẹ̀bẹ̀ inú agolo. Páànù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ni ewé abẹ̀bẹ̀ náà, agolo sì ní ihò kan láàárín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti páìpù kan tó ń gbà jáde lọ sínú iná. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá fẹ̀ ní ínǹṣì 26, tí róbótó sì jẹ́ ínǹṣì 2, ìyípo kan tí ọwọ́ bá yí, abẹ̀bẹ̀ á ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Kẹ̀kẹ́ á ṣì tún máa yí díẹ̀ lẹ́yìn tọ́wọ́ bá kúrò lára rẹ̀. Nínú àkókò díẹ̀ yẹn lẹni tó dá wà lè gbá ẹ̀mú mú, kó yí irin padà nínú iná. Ẹwìrì kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo fáànù iná mànàmáná, tàbí fáànù amúlétutù mọ́tò tí bátìrì ń gbé. Ó dáa tiná bá wà.

Ibi ìdáná ló kù, ìyẹn kò gba ariwo. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́yìnkùlé l'Amẹ́ríkà fẹ́ràn dírọ́ọ̀mù bíréèkì tàbí ríìmù, wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, páìpù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n á sì fi irin oníhò dí ojú rẹ̀ kí èédú má baà jábọ́. Àwọn kan nínú wọn tún wá rí i pé àpótí tí wọ́n rọ erùpẹ̀ kún, tí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ kú ìrìn o! Ohun tó wà ní àgbẹ̀dẹ Yorùbá láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ló dára jù fún un. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó pẹ̀lú eérú àti yanrìn, wọ́n á rẹ́ ẹ sínú ríìmù tàbí sí ògiri kòtò náà, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ìbòòji, nítorí oòrùn á sán an. Iná kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ dá sí i kí ti gidi tó tẹ̀ lé e.

Kí olùbẹ̀rẹ̀ má fi kọnkéré rọ́pò amọ̀ yìí. Omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ á di ooru, á sì bú gbàmù lójú ẹni tó tẹ̀ ba iná. Páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò kó má baà dípẹtà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná náà, nítorí èéfín síǹkì ń mú òtútù àti ìgbọ̀nrìrì wá lóru, ilé á sì gbà pé ibà ẹ̀fọn ni. Ṣọ́ọ̀kù mọ́tò tí wọn kò tíì lu ihò sí náà kò yàtọ̀ sí àdó olóró nínú iná. Aṣọ òwú ni kó wọ̀, kì í ṣe jẹ́sì bọ́ọ̀lù.

Irin ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń lu irin lé lórí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ó le jù láti rí. Nínú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, odidi irin ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn, tí ìtàn Ifẹ̀ so mọ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ẹ̀yìnkùlé Mowe kò nílò tó ìyẹn. Orí òòlù ńlá tí àwọn afọ́kúta ń lò, tí wọ́n bá rì í mọ́ kùkùté igi, ó tó. Ègé ẹ́síìlì lọ́rì tí wọ́n gbé nàró dáa jù ú lọ. Ojú irin rélùwéè ni gbogbo èèyàn fẹ́, torí ó tẹ́jú, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọkùnrin kan bá gbé e wá bá lálẹ́, tó ní kó mú owó díẹ̀ wá, kó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí rélùwéè tó ni ín wà. Àgbẹ̀dẹ olówó pọ́ọ́kú kò yẹ kó gbéni dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tí wọ́n ń rọ ńkọ́? Ọ̀fàdà, ìlú tí wọ́n fi ń pe ìrẹsì wa, kò jìnnà sí Mowe, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà ni wọ́n. Àwọn tó ń kórè ìrẹsì nílò dòjé tí kì í tètè kú, ara sùpíríǹgì lọ́rì ló sì ti ń jáde. Nígbà tí wọ́n bá ti lù ú tó ti tẹ̀, wọ́n á tún kì í bọ iná. Òòfà tí wọ́n yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́ ló ń sọ ìgbà tó tó: tí irin bá ti kọjá ìwọ̀n 770, òòfà kò ní lè fà á mọ́. Wọ́n á jẹ́ kó tún gbóná díẹ̀ sí i, wọ́n á wá tì í bọnú epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí omi lè là á sí méjì. Ó ti le báyìí, ṣùgbọ́n líle tó lè ṣẹ́ ni. Wọ́n á fi òkúta nu ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n á rọra yá a níná títí àwọ̀ koríko gbígbẹ yóò fi yọ lójú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa lọ sí àwọ̀ aró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a dúró. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín dòjé tó dáa àti èyí tí yóò ká mọ́ ìdí ìrẹsì.

Nínú gbogbo èyí, èédú nìkan ni owó rẹ̀ kò dín kù, torí àwọn tó ń dáná oúnjẹ náà ń dù ú. Èèpo ekùrọ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ń lò mọ́ ọn, ó sì ń ṣẹ́ kù níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pa ekùrọ́. Iná rẹ̀ gbóná gan-an, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń di ojú, òróró tó kù nínú rẹ̀ sì ń rùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá fara kan ti ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ jó o ní gbangba títí èéfín yóò fi tán lára rẹ̀, yóò bu omi pa á, yóò sá a. Lẹ́yìn náà ló tó lè rọ ọ́ sídìí kẹ̀kẹ́, láìjẹ́ pé aládùúgbò gbé aṣọ tó sá sórí okùn wá hàn án.