Orin Oníkan àti Etí Ará Afijió

Nígbàkúùgbà tí oṣù October bá ti ń súnmọ́ etílé, tí àwọn ìwé ìròyìn Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àjọ̀dún orin ẹgbẹ́ MUSON ní Oníkan, kì í pẹ́ kí ẹnìkan ní agbègbè wa, ìbáà ṣe ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, tó la ẹnu pé: Kí ni ó kàn wá nínú fáólìn Òyìnbó? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ààyè ti òní dáhùn rẹ̀, bí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n bá lè ṣe sùúrù díẹ̀ bá wa.

Ọdún 1983 ni Olóyè Akíntọ́lá Williams, àgbà nínú àwọn oníṣirò owó ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Ayọ̀ Rosiji, Louis Mbanefo, Rasheed Gbadamosi àti Ìyáàfin Francesca Emanuel, dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí Oníkan, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀kẹ́sítírà jọ. Orin Handel, ti Mozart àti ti Beethoven ni a sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀, a sì máa ń ké sí àwọn àlejò olórin láti òkè òkun wá kún ti ilé. Nígbà kan, Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ ni ó ń darí ètò orin wọn. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó mọ ṣẹ́lò í ta, ó sì mọ kórà ti àwọn Màǹdíńkà í ta pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rò pé Òyìnbó nìkan ni ó ń lọ jókòó sí Oníkan kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Kí wá ni ọ̀kẹ́sítírà? Ẹni tí ó ti dúró ti àwọn onídùndún ní ọjọ́ òde rí ti mọ ìdajì rẹ̀ ná. Ìyáàlù a máa sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìsáájú a máa gbè é, kànnàngó a máa fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín wọn kọjá, gúdúgúdú kékeré tí kò lè fọhùn a sì máa di ẹsẹ̀ ìlù mú kí ó má baà yẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹyọ kan bá dákẹ́, etí yóò mọ̀. Bákan náà gan-an ni ti ọ̀kẹ́sítírà rí, àfi pé àwọn ohun-èlò olókùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí gòjé àwọn Haúsá, kí ó ro gòjé tí ó ní okùn mẹ́rin. Kí ó ro ogún tàbí ọgbọ̀n irú rẹ̀, ńlá àti kékeré, tí gbogbo wọn ń fa ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè wà lẹ́yìn wọn, kàkàkí wà lẹ́yìn fèrè, ìlù sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ìyàtọ̀ kan tí yóò ya ará ilé wa lẹ́nu ni pé, lọ́dọ̀ tiwa, onílù tí ó mú ìyáàlù lọ́wọ́ ni ọ̀gá. Níbẹ̀, ẹni tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀pá tín-ín-rín, tí kò sì dún pínpín, ni gbogbo wọn ń wò lójú.

Ọ̀rọ̀ wa kò tán síbẹ̀, nítorí kì í ṣe ìjọra nìkan ni ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí ó kọ orin náà. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, kọrin bí ọmọdé nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, lábẹ́ Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó fi bí ọdún méjìdínláàádọ́ta, láti 1914 títí di 1962, jókòó ti dùùrù ìjọ náà. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940 Ṣówándé wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, orin ìyìn. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, pìánò ní ilé ijó pẹ̀lú Adelaide Hall, akọrin obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà. Àwọn olùfọkànsìn kan yóò fajú ro sí èyí, ṣùgbọ́n àwa kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ijó, báwo ni yóò ṣe kọ orin tí ara yóò gbọ́? Ní 1943 ó gba oyè FRCO, èyí tí í ṣe oyè gíga jùlọ fún àwọn atẹ dùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún kejì rẹ̀, 1944, ni ó kọ African Suite, fún àwọn ohun-èlò olókùn àti háàpù. Apá márùn-ún ni. Nínú èkíní ni ó ti lo ohùn orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ Gánà. Apá ìkẹyìn tí a ń pè ní Akinla, bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ yín kò ní lè dúró jẹ́ẹ́. Ní ilẹ̀ Kánádà, Akinla yìí ni ètò orin Clyde Gilmour lórí rédíò fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ láyé fi ń súfèé orin ọmọ Yorùbá nínú ilé wọn. Fún òmìnira ilẹ̀ wa ní 1960 ó tún kọ Folk Symphony. Ọ̀kẹ́sítírà ńlá ti New York sì lù ú. Amẹ́ríkà ni ó sì kú sí ní 1987. Ní oṣù August 2021, ọ̀kẹ́sítírà Chineke!, èyí tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015 fún àwọn olórin adúláwọ̀ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a kì í sábà fún ní ààyè, lu African Suite náà ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí ikú ìkà pa ní 1976 nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógójì lọ, ní tirẹ̀ láti sọ, ààyè kò sì gbà wá. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fo Akin Euba dá. Òun ni ó fi ìtàn Olúrónbí, tí kò sí ọmọ Fìdítì tí ìyá rẹ̀ kò pa fún un, ṣe orin ọ̀kẹ́sítírà ní 1967; òun náà ni ó tẹ ìwé ńlá jáde ní 1990 lórí ìlù dùndún, tí ó fi ọ̀wọ̀ fún àwọn àyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀mọ̀wé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún bi wá pé kí ni ó kàn wá, a ó sọ fún un pé ìrókò Olúrónbí wà níbẹ̀.

Èyí tí ó ń dùn wá ni pé àwọn ọmọ wa kò lè wọlé. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń lé wọn. Sól-fà ni ó há wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé, kí a má baà dà bí aláìmoore. Láti 1896 tí St. Andrew's College ti wà ní Ọ̀yọ́, ìrìn kékeré sí Ìlọrà, ni àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ti ń tàn ká ìletò gbogbo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ní ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n sì jẹ́ olùkọ́ ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Sól-fà ni wọ́n fi kọ́ wa lórin. Kò sí ohun tí ó bá etí Yorùbá mu jù ú lọ. Ṣé dò, re, mí kọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn títí di òní? Ọmọ tí ó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí ó sì mọ ọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di akọrin kí ó tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n fún ohùn ẹnu ni sól-fà wà. Ìwé tí a tẹ́ síwájú onífáólìn kò ní dò, kò ní re. Ìlà márùn-ún ni, pẹ̀lú àwọn àmì dúdú tí ó jókòó lé e lórí bí ẹyẹ lórí wáyà. Ọmọ akọrin Fìdítì tí ó lè kọ Hallelujah Chorus ti Handel láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwòwé, tí a bá gbé ìlà márùn-ún yìí síwájú rẹ̀, púrúǹtù ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni owó kọ́ ni ìdènà àkọ́kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ MUSON ní ẹ̀kọ́ díplómà ọlọ́dún méjì, àjọ àánú MTN sì ti ń san owó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Owó ẹni ẹlẹ́ni wà nílẹ̀, ọmọ tiwa kò lè ka ìwé tí yóò fi tọrọ rẹ̀.

Àwọn ará Oníkan náà ní ẹ̀bi díẹ̀, a ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ló dé tí a fi ń fi orin Ṣówándé ṣe ìpanu lẹ́yìn tí a ti jẹ Beethoven yó? Ẹ gbé Folk Symphony sí àárín alẹ́, kí ẹ sì fún un ní ìmúra tí ẹ fún àlejò. Bí ààyè bá sì gbà, ẹ kó ogún nínú àwọn olókùn yín sínú ọkọ̀, ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn wá. African Suite kò béèrè fèrè tàbí kàkàkí. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìlọrà yóò gbà á, onídùndún Ọ̀yọ́ yóò sì wà ní ẹnu ọ̀nà láti kí yín káàbọ̀ ní orúkọ olúkúlùkù.

Kí wọ́n tó dé, iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ ti àwa fúnra wa. Kí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin Fìdítì, Jóbẹ̀lẹ̀, Ìlọrà àti Àwẹ́ da owó jọ, kí wọ́n gba olùkọ́ kan ṣoṣo tí ó mọ ìlà márùn-ún dáadáa. Kí ó lo Sátidé kan ní ìlú kan, kí ó lo èyí tí ó tẹ̀lé e ní ìlú kejì. Àwọn ọmọ kò nílò fáólìn ní ọdún àkọ́kọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí a ti ní nínú ìjọ tó, bí ẹ̀yin alàgbà ìjọ bá gbà kí a ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.